Ṣéènì tuntun ń fò lórí kẹ̀kẹ́ résìn mi àtijọ́, kí ni kí n pààrọ̀?

Onírésìn Òde
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí ti sú mi. Kẹ̀kẹ́ résìn àtijọ́ ni, tòkunbọ̀, ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ kò tíì hó rárá. Mo ti pààrọ̀ táyà méjèèjì, mo ti yí awọ tuntun mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ pàápàá tuntun ni. Owó tí mo ti ná lé e lórí kì í ṣe kékeré. Mẹkáníìkì kan nígboro níbí ní ṣéènì rẹ̀ ti gbó, mo ra tuntun, ó bá mi fi sí i. Àtìgbà náà ni wàhálà ti dé. Bí mo bá ń gun òkè tí mo dìde lórí pẹ́dàlì, gbà! ṣéènì á fò, orúnkún mi á lọ gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ti àtijọ́ kì í fò! Mo padà lọ bá a, ó ní ayédèrú ṣéènì ni mo rà, ó yí nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ gùn láti Òde lọ sí Ṣágámù ní ìparí oṣù, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ lójú títì. Mo ti pinnu pé gbogbo ohun tó wà nídìí ṣéènì ni mo máa pààrọ̀, kí kẹ̀kẹ́ náà di ti ìgbàlódé. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Alátùnṣe Ṣágámù
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ sọ àwọ̀ ọ̀dà fún wa, ẹ ò sọ iye àwo eyín tó wà lẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìwọ̀nyí ná: àwo mélòó ló wà lẹ́yìn? Eyín mélòó ló wà lára àwo ńlá àti kékeré iwájú? Orí àwo ẹ̀yìn wo gan-an ni ṣéènì ti ń fò? Ṣé ẹnikẹ́ni wọn ṣéènì àtijọ́ kí ẹ tó yọ ọ́?

Ohun tí mo fura sí nìyí. Lára ṣéènì tuntun, láti àárín pínnì kan dé àárín èkejì, ìdajì íǹṣì géérégé ni. Bó ṣe ń gbó, pínnì àti ihò tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ, ṣéènì ń gùn sí i, eyín àwo ẹ̀yìn náà á máa jẹ tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì jọ gbó, wọ́n bára wọn mu, ìdí nìyẹn tí ti àtijọ́ kì í fi í fò. Tuntun dé, kò gùn tó bẹ́ẹ̀, eyín kan tàbí méjì péré ló ń gba gbogbo agbára ẹsẹ̀ yín, ṣéènì sì ń gun orí eyín jáde. Kì í ṣe ayédèrú.

Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru
Wáyà ni ẹ kọ́kọ́ ṣe. Wáyà gíà tuntun, ti inú àti awọ rẹ̀, kò wọ́n. Àwọn èèyàn máa ń sáré ra àwo nígbà tó jẹ́ pé ìpẹtà ló há wáyà mọ́nú awọ.

Alátùnṣe Ṣágámù
Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kò fò kí wọ́n tó pààrọ̀ ṣéènì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà nígbà náà.

Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru
Mẹkáníìkì náà yí nǹkan nígbà tó padà lọ. Kí ló yí? Ẹ̀yin náà ẹ tún un kà.

Àǹtí Ìlíṣàn
Ẹ má bára yín jà, fífò ju irú kan lọ. Tó bá jẹ́ orí àwo méjì tàbí mẹ́ta tí ó máa ń lò jù nìkan ló ti ń fò, tó sì jẹ́ ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, àwo ló jẹ. Tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lórí gbogbo àwo, bí ẹni pé ó fẹ́ bọ́ sórí èkejì, wáyà ló dẹ̀, tàbí irin tó gbé apá gíà ẹ̀yìn (èyí tó ń ti ṣéènì láti orí àwo kan bọ́ sórí èkejì) dúró ló tẹ̀. Tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn bíi yíyí pẹ́dàlì méjì, lórí àwo yòówù, ojú ṣéènì kan ló le, ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí wọ́n ti so ó. Ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò ta apá gíà bó ṣe ń kọjá. Bí pẹ́dàlì bá wá yọ́ síwájú láìjẹ́ pé ṣéènì kúrò lórí eyín, àwọn ìkọ́ kékeré inú fíríì, ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa yí nígbà tí pẹ́dàlì bá dúró, ni kò mú mọ́. Àbúrò, èwo ni tìrẹ?

Onírésìn Òde
Ẹ ṣeun. Àwo ẹ̀yìn méje ni. Iwájú jẹ́ 52 àti 42. Orí ìkẹta àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ èyí tó kéré jù ló ti ń fò, àwọn yẹn ni mo sì ń lò jù. Mi ò wọn ṣéènì àtijọ́, mẹkáníìkì ti jù ú nù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kánjú o. Mo ti ra káséètì, ìyẹn ìdì àwo ẹ̀yìn, àwo mẹ́sàn-án, eyín 11 sí 28, ojúlówó, owó pọ́ọ́kú ni mo rí i. Ẹni tó tà á ní ó ń wọ gbogbo kẹ̀kẹ́ résìn. Ṣé kí n kàn fi í sí i, kí n ra ṣéènì àwo mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e?

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó
O ra káséètì kí o tó mọ irú họ́ọ̀bù (ìdí àárín ẹsẹ̀) tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ. Kò sí káséètì tó ń wọ gbogbo kẹ̀kẹ́. Àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ní àwo méje, púpọ̀ nínú wọn ni kò lo káséètì rárá. Fíríì ni wọ́n ń lò, èyí tí àwo àti ìkọ́ rẹ̀ jẹ́ odidi kan, tí wọ́n ń wé mọ́ họ́ọ̀bù.

Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí. Yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wo àárín àwo tó kéré jù, wà á rí ibi tí wọ́n ń ki irinṣẹ́ sí. Fi ọwọ́ yí àwọn àwo sẹ́yìn. Bí ibẹ̀ bá ń bá àwo yí, káséètì ni. Bí ó bá dúró sójú kan tí àwo nìkan ń yí, fíríì ni. Wo iye ihò tàbí eyín tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí irinṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra.

Onírésìn Òde
Ó dúró sójú kan. Eyín wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀ yíká, mo ka 12.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó
Fíríì ni. Káséètì yẹn kò lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ gíà àwo méje tó bá ń ta "tá, tá" kò lè fi àwo mẹ́sàn-án sójú ibi tó yẹ, torí àlàfo àárín àwo kò dọ́gba: nǹkan bíi 5 mm ni ti àwo méje, ti mẹ́sàn-án kò tó 4.5 mm. Bó ṣe wà nínú bébà rẹ̀ yẹn, tún un tà.

Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru
Kò yẹ kó tà á. Kó ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tòkunbọ̀ tí họ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀ ní 130 mm, káséètì yẹn á wọ̀ ọ́. Férémù àtijọ́ máa ń jẹ́ 126 mm, 4 mm péré ló kù. Wọ́n á là á, 2 mm lápá ọ̀tún, 2 mm lápá òsì, wọ́n á fi okùn wọ̀n ọ́n láti orí kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀yìn kó má bàa wọ́. Bí ọwọ́ gíà rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí kì í ta, gíà mẹ́sàn-án á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Àǹtí Ìlíṣàn
Ẹ dúró ná. Irin ni wọ́n ń là. Kò sẹ́ni tó tíì bi í bóyá irin ni férémù náà. Àbúrò, wọn àárín ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń jókòó sí, láti inú sí inú, kí o wá mú mágínẹ́ẹ̀tì kan, ti inú sípíkà tó bàjẹ́ tó, fi kan gbogbo páìpù rẹ̀.

Onírésìn Òde
Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 126 géérégé. Mágínẹ́ẹ̀tì náà kò mú ibi kankan, àfi ṣéènì àti àwọn bóòtù. Àwọn páìpù rẹ̀ dà bíi pé wọ́n ki wọ́n bọ inú ihò tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, mi ò rí ojú wẹ́dà kankan. Ó fúyẹ́ gan-an, ohun tó jẹ́ kí n rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì náà ti sọ bí Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru ṣe sọ. Ó ní òun máa gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n fi iná yọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ kó lè là. Mo ti san àsansílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru
Áà! Má ṣe é o. Irin ni mo ní lọ́kàn. Lọ gba owó rẹ padà.

Alátùnṣe Ṣágámù
Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ni. Irin máa ń dúró síbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí. Àlùmíníọ̀mù á sán, bí kò sán lójú ẹsẹ̀, á sán lójú ọ̀nà. Iná ní tiẹ̀ á tú gọ́ọ̀mù náà, páìpù á yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lórí eré. Iná kankan kò gbọ́dọ̀ kan férémù yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi họ́ọ̀bù 130 tipátipá bọ inú rẹ̀. Kí ẹ tó náwó kankan mọ́, ẹ fi aṣọ nu gbogbo ojú tí páìpù ti wọnú ihò, ẹ wò ó bóyá ìlà dúdú tàbí lẹ́búlẹ́bú funfun ń yọ níbẹ̀. Ẹ di búréèkì iwájú mú, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn, ẹ fọwọ́ kan ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá mì tàbí ó bá ń dún, ẹ má gùn ún mọ́.

Bí kò bá sí èyí, ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: fíríì àwo méje tuntun, 14 sí 28. Shimano ṣì ń ṣe irú rẹ̀, ó ń wọ 126 mm, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà tí wọ́n fi ń wé e mọ́ họ́ọ̀bù, jẹ́ íǹṣì 1.375 pẹ̀lú ìlà 24 nínú íǹṣì kan, ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá apá gíà ẹ̀yìn yín lè gun àwo eyín 28, torí àwọn mìíràn nínú ti àtijọ́ kì í kọjá 26. Ẹ ka eyín àwo tó tóbi jù lára ti àtijọ́, bí ó bá ti jẹ́ 28, kò séwu.

Yíyọ ti àtijọ́ ni iṣẹ́. Irinṣẹ́ eléyín 12 ni kí ẹ wá. Ẹ ki irinṣẹ́ náà bọ ibẹ̀ dáadáa, ẹ fi nọ́ọ̀tì tàbí ọ̀pá ẹsẹ̀ dè é kó má bàa yọ́. Ẹ da ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà síbi tírẹ́ẹ̀dì, kó sùn mọ́ ọn. Ẹ fi fáìsì di irinṣẹ́ náà mú, ẹ di ríìmù mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ yí ẹsẹ̀ náà sí apá òsì bí ẹni ń yí ọwọ́ mọ́tò. Bí ó bá ti dẹ̀ díẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì tí ẹ fi dè é kí ẹ tó máa yí i lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè já. Kò sí hámà, kò sí ṣísẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, gíríìsì kọ́kọ́, kí ẹ fi ọwọ́ lásán wé e yípo mẹ́ta ó kéré tán. Bí ó bá le lójú tírẹ́ẹ̀dì, ẹ tú u, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, torí àlùmíníọ̀mù ni họ́ọ̀bù náà, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Onírésìn Òde
Mo ti pè é, kò ní í gbé e lọ mọ́. Owó nìkan ló ń jà lé lórí. Mi ò ní í ta káséètì o, mo lè ra férémù mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Àwo iwájú ńkọ́? Ṣéènì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yìí, ṣé kí n jù ú nù?

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó
Má jù ú nù. Fi rúlà íǹṣì wọ̀n ọ́n, kó ti le dáadáa. Fi òódo sí àárín pínnì kan. Bí pínnì kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀ bá bọ́ sórí íǹṣì 12 gan-an, tuntun ni. Bí ó bá ti tó íǹṣì 12 àti ìdá kan nínú 16, pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá dé ìdá kan nínú 8, ó ti jẹ àwo ẹ̀yìn lọ. Máa wọ̀n ọ́n báyìí lóṣooṣù, ìyẹn ló máa dáàbò bo fíríì tuntun yẹn.

Ní ti iwájú, kò ń fò níbẹ̀, àwo eyín 52 kì í tètè jẹ. 42 ni kí o wò. Fa ṣéènì síwájú kúrò lára àwo: bí o bá lè rí ju ìdajì eyín lọ lábẹ́ rẹ̀, tàbí bí eyín bá ti tẹ̀ sápá kan bí ìkọ́, ra tuntun. Kí o tó rà á, wọn àárín bóòtù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e níbi apá márùn-ún tó di àwo iwájú mú. Bí ó bá jẹ́ 76.4 mm, àwo 130 ló ń gbà, ìyẹn fífẹ̀ òbìrí tí bóòtù márùn-ún náà wà lórí rẹ̀, ní mm. Bí ó bá jẹ́ 84.6 mm, 144 ni, ti àwọn ará Ítálì àtijọ́, ìyẹn máa ṣòro rí.

Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru
Kó pààrọ̀ àwo iwájú pẹ̀lú, kó jọ tán lẹ́ẹ̀kan. Kó sì fi pẹtiróò fọ gbogbo rẹ̀.

Àǹtí Ìlíṣàn
Kò sídìí láti pààrọ̀ ohun tí kò jẹ. Pẹtiróò kọ́, ẹ jọ̀ọ́, iná wà nínú ẹ̀. Kẹrosíìnì tàbí dísù ni, kó má sì kán sínú fíríì tàbí bíárìn họ́ọ̀bù, torí á fọ gíríìsì wọn dànù. Kí ṣéènì gbẹ dáadáa, kí o kán ọ́ìlì tín-ín-rín sójú kọ̀ọ̀kan láti inú, yí i sẹ́yìn díẹ̀, kí o wá fi aṣọ nu ìta rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ kò fi ní í dọ̀tí. Gíríìsì tàbí ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú lára mọ́tò kò dára. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà wa á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa lọ àwo bí ọlọ.

Wo àwọn róólà kékeré méjì inú apá gíà náà. Bí eyín wọn bá ti mú ṣóńṣó, pààrọ̀ wọn. Tí fíríì bá ti wọlé, gbé ṣéènì yí àwo 52 àti 28 ká láìgba inú apá gíà kọjá, ibi tó ti pàdé, fi íǹṣì kan kún un, ibẹ̀ ni kí o gé e. Lẹ́yìn náà, má dúró di ọjọ́ ìrìn. Wá òkè kan nítòsí ilé, jókòó, má dìde, kí o tẹ̀ ẹ́ gidi lórí àwo méjèèje, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fò, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o wá sọ fún wa.