Ilẹ̀ tí wọ́n ti jó wáyà rí: ṣé a lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀?

Àgbẹ̀_Ẹ̀yìnkùlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jó wáyà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà yọ. Wọ́n ti kó lọ, òjò ọdún kan ti rọ̀ sí i, koríko sì ti hù. Ṣé a lè gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀? Adìyẹ ń jẹ̀ níbẹ̀, kànga ò sì ju mítà 15 lọ sí i. Bàbà nìkan ṣáà ni wọ́n ń wá, àbí ó léwu ni?

Atúnlẹ̀ṣe:
Ẹ má tíì gbin nǹkan kan. Ike tó bo bàbà ni wàhálà ibẹ̀. PVC ni, wọ́n sì máa ń po òjé mọ́ ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́ kí ooru má baà bà á jẹ́. Bí ike bá jóná tán, inú eérú ni òjé yẹn ń kù sí. Kẹ́míkà chlorine inú PVC náà ń di dioxin, májèlé burúkú kan, nígbà tí èéfín bá ń tutù, láàárín 200 sí 450°C, bàbà gan-an ló sì ń mú kó yá.

Òjò kì í fọ òjé lọ. Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 òkè ilẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́, àfi bí ásíìdì bá pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Koríko lè hù dáadáa lórí rẹ̀. Ẹ wá ojú iná: ẹ ó rí eérú dúdú àti èérún wáyà tín-ín-rín tó ti di àwọ̀ ewé. Ẹ bu ilẹ̀ níbi mẹ́wàá, ti ojú iná lọ́tọ̀, ti ìyókù lọ́tọ̀. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, ibi tó burú jù á sá pamọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wo òjé, cadmium (irin olóró kan bíi òjé) àti bàbà. Ní 2024, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, fi 200 mg òjé nínú kílò ilẹ̀ kan ṣe ààlà ìkìlọ̀ fún ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé.

Adìyẹ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ń ṣa ilẹ̀ jẹ, dioxin ń lọ sínú ọ̀rá wọn, ó sì ń dé inú pupa ẹyin. Ẹ kó wọn kúrò lónìí, ẹ má sì jẹ ẹyin wọn. Ẹ yẹ omi kànga wò pẹ̀lú. Sísè kì í yọ òjé. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i.

Àgbẹ̀_Ẹ̀yìnkùlé:
Ẹ ṣé gan-an ni sà. Tí a bá gbá eérú náà dànù ńkọ́? Àwọn míì ṣì ń jó o ládùúgbò.

Oníbàbà:
Ẹ má gbá a ní gbígbẹ o! Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Kò gbọdọ̀ dé gọ́tà. Ẹ wá ẹni tí NESREA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin àyíká ní Nàìjíríà, fún níwèé àṣẹ kó gbé e.

Ẹ sọ fún àwọn tó ń jó o pé owó wọn ni wọ́n ń jó. Bàbà tó jóná máa ń dúdú, á máa kán, kì í sì í gba iye bàbà dídán. Kí wọ́n sá wáyà sóòrùn fún wákàtí kan kí ike rọ̀. Kí wọ́n kan ìṣó méjì mọ́ pákó, kí wáyà lè gba àárín wọn kọjá, kí wọ́n wá de abẹ mọ́lẹ̀ níwájú ìṣó, kí ẹnu rẹ̀ la ike láìkan bàbà. Bí wọ́n bá ti fà á kọjá, ike á ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wáyà ṣájà àti ti etí ò ṣeé bó báyìí: kí wọ́n kó o sápò, kí wọ́n tà á pẹ̀lú ike rẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlọwáyà.

Ní ti ẹ̀fọ́, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ó yẹ kó ṣeé jẹ.

Atúnlẹ̀ṣe:
Rárá, Oníbàbà. Fífọ̀ ń mú eruku òjé kúrò lára ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ló ń fa cadmium wọ inú ewé, omi ò lè dé ibẹ̀. Bí èsì àyẹ̀wò bá ga, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tí ẹ là sílẹ̀, ẹ da ilẹ̀ tuntun sórí rẹ̀ tó 30 cm, ẹ sì gbin tòmátì tàbí ata dípò tẹ̀tẹ̀. Bí ọmọdé bá ti ń ṣeré níbẹ̀, ẹ gbé e lọ yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti 2021 ni pé tó bá ti dé 5 µg (máíkírógíráàmù) nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí wọ́n wá ibi tó ti ń bá a, kí wọ́n sì dí i.