Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fáìlì tar mi kọ̀, kò wọ fláàṣì

Ọmọ Àkànjí: Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní fódà kan lórí laptop mi tó ń lo Ubuntu, Baba ni mo pè é, fọ́tò bàbá wa àti ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa ló kún inú ẹ̀, ó tó 9GB. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé London wà nílé báyìí, mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí fláàṣì 32GB fún wọn. Mo ti fi tar (àṣẹ tó ń di fódà pọ̀ sí fáìlì kan) dì í sí baba.tar.gz, àmọ́ tí n bá fẹ́ kọ́pì ẹ̀, fláàṣì á ní ó ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ààyè ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ gan-an ò sì fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Windows ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò. Bàbá ò sí mọ́, mi ò fẹ́ kí ohun kankan sọnù níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. FAT32 ló máa wà lórí fláàṣì yẹn, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi to ibi tí fáìlì ń wọ̀ lórí ẹ̀, kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4GB, bó ti wù kí ààyè pọ̀ tó. Ẹ fọ́mátì ẹ̀ sí exFAT, ọ̀nà mìíràn tó ń gba fáìlì ńlá, Windows á kà á, Ubuntu náà á kà á. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ kó ohun tó bá wà lórí ẹ̀ kúrò, torí fọ́mátì máa nu gbogbo ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ti pé kò dínkù yẹn, JPG (fọ́tò) àti MP3 (ohùn) ti fún pọ̀ látilẹ̀, gzip, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ìyẹn .gz yín yẹn, ò rí nǹkan gidi fún mọ́. Ìwé lásán, CSV, log, àwọn yẹn ló máa ń dínkù gan-an. Ẹ yọ z, tó ń pe gzip, kúrò nínú àṣẹ tar yín jàre, `tar -cf baba.tar Baba` ti tó, á sì yá ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹ wá fojú sí f yẹn dáadáa o! Orúkọ fáìlì tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Tí èèyàn bá lọ kọ `tar -cf Baba/*` láìfún un lórúkọ, fáìlì àkọ́kọ́ nínú fódà yẹn ni tar máa kọ nǹkan lé lórí, kò ní bèèrè lọ́wọ́ yín, tó bá wá jẹ́ ohùn bàbá ló wà níbẹ̀ ńkọ́?

Aṣọ́gbó: Tí fláàṣì yẹn ò bá ṣeé fọ́mátì, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́:

`tar --format=posix -cf - Baba | split -b 2G - baba.tar.`

Á yọ sí baba.tar.aa, baba.tar.ab, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Windows, ẹ̀gbọ́n yín á lo `copy /b` láti so wọ́n pọ̀ padà. Bẹ́ ẹ gé e bẹ́ ò gé e, ẹ má yọ `--format=posix` yẹn o, torí tí orúkọ fáìlì bá ní àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ, tar ti Windows lè sọ ọ́ di jágbajàgba.

Ọmọ Àkànjí: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi máa ní láti fi nǹkan kan sórí Windows wọn kí wọ́n tó lè tú u? Ṣé mo sì lè wá pa ti orí laptop rẹ́, torí ààyè ti tán?

Aṣọ́gbó: Rárá, láti 2018 ni tar ti ń bá Windows 10 wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe `tar -tf baba.tar` kí wọ́n rí ohun tó wà níbẹ̀, kí wọ́n wá ṣe `mkdir Ile`, lẹ́yìn náà `tar -xf baba.tar -C Ile`, kó má bàa dà káàkiri.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ o, mo bẹ̀ yín! Ẹ ṣe `sha256sum baba.tar` lórí laptop, kí ẹ̀gbọ́n yín náà ṣe `certutil -hashfile baba.tar SHA256` níbi tiwọn; àwọn méjèèjì á gbé nọ́ńbà gígùn kan tó dà bí àmì ìdánimọ̀ fáìlì yẹn jáde. Tí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀ nínú nọ́ńbà méjèèjì, kọ́pì yẹn ò pé nìyẹn. Tó bá tiẹ̀ bára mu, ẹ ṣì fi ọ̀kan pamọ́ síbòmíì, fláàṣì kan ṣoṣo ò tó fún ohùn òbí.

Ọmọ Àkànjí: Mo ti gbọ́, ẹ̀yin ìyá mi. exFAT ni mo lò, baba.tar ti wọlé, nọ́ńbà tó jáde lórí laptop àti lórí Windows ẹ̀gbọ́n mi bára mu. Mo ń wá hard disk kan rà báyìí.