Re: "Ata òyìnbó" kọ́ ni músítádì o, mo mú "atamú" wá

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, bọ̀dá wa kan ní ká máa pe músítádì ní "ata òyìnbó", àǹtí kan sì dá a lóhùn pé kí la fẹ́ fi orúkọ tuntun ṣe nígbà tí hóró músítádì ti wà nínú Mátíù 13 tipẹ́tipẹ́. Mo rí ohun táwọn méjèèjì ń wí, àmọ́ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé. Hóró ni àǹtí ń sọ, bọ̀dá ń sọ èyí tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n pò, tó wà nínú ìgò tá a fi ń jẹ ẹran. Ẹ jẹ́ ká fi hóró sílẹ̀ bó ṣe wà, gbogbo ẹni tó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí ló mọ̀ ọ́n. Ti inú ìgò ni kò lórúkọ.

"Ata òyìnbó" ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Àwọn ará Íńdíà ń gbìn ín, wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n ń dín hóró rẹ̀ kí wọ́n tó se ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni mo ti ń rà á ní London níbí. "Ata Faransé" tí ẹnìkan mú wá lánàá náà ò dúró, torí músítádì Dijon tí gbogbo ayé ń pè yẹn, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Faransé pè, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni, Kánádà ni ọ̀pọ̀ hóró tí wọ́n ń lò ti ń wá, kódà ọ̀dá tó dá ní Kánádà lọ́dún 2021 wà lára ohun tó jẹ́ kí músítádì wọ́n lórí àtẹ ní Faransé lọ́dún 2022. Orúkọ "mustard" tá à ń jà lé lórí gan-an, kì í ṣe hóró ló ń sọ, omi èso àjàrà tuntun tí wọ́n fi ń pò ó láyé àtijọ́ ni àwọn ará Róòmù ń pè ní mustum, ibẹ̀ ló ti wá. Tí wọ́n bá lè sọ ọ́ lórúkọ omi tí wọ́n fi pò ó, àwa náà lè sọ ọ́ lórúkọ ohun tó ń ṣe síni.

Kí ló wá ń ṣe síni? Mo ṣe é nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́ mo lọ hóró dúdú kúnná, mo da omi híhó lé e torí mo rò pé bí ata ló ṣe rí, ó kàn korò lásán ni, kò ta. Lẹ́ẹ̀kejì mo fi omi tútù pò ó, mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, mo wá gbé imú sún mọ́ ọn, áà! Omi bọ́ lójú mi. Kò dúró lórí ahọ́n bíi ata rodo, imú ló gbà gòkè, ó dé iwájú orí, kó tó di pé mo ṣẹ́jú ó ti lọ. Ohun tó ń ta yẹn ò sí nínú hóró gbígbẹ, nǹkan méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ ló ń pàdé tá a bá lọ̀ ọ́ tómi sì kàn án, ọ̀kan á gé èkejì, ìta á jáde. Omi híhó ló ń pa èyí tó ń gé. Ìgbà tó bá ti ta dáadáa la máa da ọtí kíkan sí i kó má baà rọ̀, tá a bá tètè dà á sí i kò ní ta tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní ATAMÚ. Ata pẹ̀lú imú, bí ata àti ilẹ̀ ṣe di atalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì kà á sí a-ta-imú, ohun tó ń ta imú, ó ṣì bọ́ sí i, torí "ta" yẹn náà ló wà nínú "ata". Ẹni tó ní músítádì kì í ṣe ata, atalẹ̀ ńkọ́? Ataare ńkọ́? Àwọn náà kì í ṣe ata, a ò sì bá wọn jà. Ẹnìkan ní aáṣáà náà ń ta imú, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n aáṣáà ti lórúkọ tiẹ̀.

Èyí tí wọ́n bá fi odidi hóró sílẹ̀ nínú rẹ̀ á jẹ́ atamú oníhóró, èyí tí wọ́n bá po oyin mọ́ á jẹ́ atamú olóyin. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń jẹ họ́tdọ́ọ̀gì ló ń dààmú mi. Hóró funfun ni wọ́n fi ń ṣe é, ahọ́n ni ìyẹn sì ń ta ju imú lọ, atalẹ̀ pupa ló fún un láwọ̀. Mo ti fẹ́ pè é ní "atamú ìyeyè" nítorí àwọ̀ rẹ̀, àmọ́ tí màámi bá rí i lára ìgò wọ́n á rò pé èso ìyeyè ni mo lọ̀ sí i. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ sí ìyẹn ẹ jọ̀ọ́.