Ìwé alàwòrán panápaná fún ọmọdé: kí ló yẹ ká wò nínú ẹ̀?

Ìyá ọlọ́mọ, Ìkẹnnẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìwé alàwòrán nípa ọkọ̀ panápaná pọ̀ lórí àtẹ, tuntun àti àlòkù, àmọ́ ìlú òyìnbó ló kún inú èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò ní béèrè ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó ṣáà ti rí ọkọ̀ pupa. Kí la máa wò ká tó rà á? Kí la sì máa tún ṣe lára ẹ̀ ká tó kà á fún ọmọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi irú ìwé yìí ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, Ìjẹ̀bú-Òde:

Nọ́ńbà fóònù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú ẹ̀. Ìwé Amẹ́ríkà á ní kí ọmọ tẹ 911, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á ní 999. Ní Nàìjíríà, 112 ni. Ẹ gé bébà funfun kékeré, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo nọ́ńbà yẹn mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ 112 gàdàgbà sórí ẹ̀. Ẹ má fi báírò fagi lé e lásán o. Ọmọ tó bá ti mọ nọ́ńbà á ka èyí tẹ́ ẹ fagi lé, á sì há a sórí.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ wo fèrèsé. Nínú ìwé òyìnbó, ọmọ á ṣí fèrèsé, á na ọwọ́ síta, panápaná á gun àkàbà wá gbé e. Nílé tiwa, irin ló wà lójú fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá kan ojú ewé náà, ẹ dúró, kẹ́ ẹ bi ọmọ pé: "Níbo ni kọ́kọ́rọ́ irin wa wà?" Ẹ jẹ́ kó dìde lọ fọwọ́ kàn án. Tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá tó o, ẹ sọ ìṣó tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òpó irin tí wọ́n ń yọ̀ gba ara ẹ̀ wálẹ̀ àti ajá funfun alámì dúdú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Chicago ní Amẹ́ríkà ni irú òpó yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1878 (igi ni ti àkọ́kọ́), nígbà tí ẹṣin ń fa ẹ̀rọ omi, tí àwọn panápaná sì ń sùn lókè. Ajá náà, ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ló máa ń sáré. Ẹ kàn sọ fún ọmọ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ ṣí ojú ewé tó kàn.

Ní ti kíkà: lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má ka ọ̀rọ̀ kankan. Àwòrán nìkan ni kẹ́ ẹ wò pọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ka ọ̀rọ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ máa dá gbólóhùn dúró láàárín, kí ọmọ parí ẹ̀. Ojú ewé tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù: kó tó ṣí i, kó sọ ohun tó rò pé ó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìwé tó dáa máa ń fi ilẹ̀kùn títì sápá ọ̀tún, kí ṣíṣí ojú ewé lè jẹ́ ṣíṣí ilẹ̀kùn.

Panápaná tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣàgámù:

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ojú ewé tí panápaná ti wọlé wá gbé ọmọ. Èéfín ló sábà máa ń pa èèyàn nínú ilé kí ọwọ́ iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọmọ kékeré tí ẹ̀rù bá sì bà kì í sá síta. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wọ̀. Ẹni tó wá gbà á á wá yọ tòun ti ìbòjú, akoto lórí, sìlíńdà lẹ́yìn, èémí ẹ̀ á máa dún hàá-hùú nínú ìbòjú. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti kọ́ pé kó wọlé, kó má yọjú, tí Agẹmọ bá ń kọjá, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á tún sún mọ́ ògiri ni. Á dákẹ́, kódà bí wọ́n bá ń pe orúkọ ẹ̀.

Torí náà, ìwé tó bá fi panápaná hàn nínú ìbòjú nìkan, tí kò fojú ẹ̀ hàn, ẹ dá a padà sórí àtẹ, bó ti wù kí àwọ̀ ẹ̀ dán tó. Nínú èyí tó dáa, panápaná máa ń wọ aṣọ náà lójú ọmọ díẹ̀díẹ̀: ojú lásán tó ń rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò àti bàtà, jákẹ́ẹ̀tì, ìbòjú, fìlà aṣọ tó bo etí àti ọrùn, akoto, ìbọ̀wọ́ kẹ́yìn. Kí ohun kan sì wà lára ẹ̀ tí kò ní yí padà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilà ojú ò wúlò, ìbòjú á bò ó. Nọ́ńbà gàgàrà iwájú akoto ló dáa, ọmọ á máa fìka tọ́ ọ: òun náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ fi ife ike bo imú àti ẹnu, kẹ́ ẹ mí sínú ẹ̀ kó gbọ́ ìró ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó pariwo dáhùn pé: "Mo wà níbí!" Tí ìwé náà ò bá ní gbólóhùn yẹn, ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́ sí i.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń ṣe. Wọ́n á kọ ọ́síjìn sára sìlíńdà. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kàn fún un pọ̀ ni. Èyí tó wọ́pọ̀, 30 sí 45 ìṣẹ́jú ni wọ́n ṣírò ẹ̀ fún, àmọ́ ẹni tó bá ń ṣe wàhálà á tètè mí i tán, fèrè kékeré kan á sì máa fọn láti kìlọ̀ pé ó ku díẹ̀. Wọ́n á ya rọ́bà omi ní róbótó láti inú ọkọ̀ wá. Rọ́bà tí omi ò sí nínú ẹ̀ máa ń rọ pẹlẹbẹ ni. Omi ló ń jẹ́ kó yó, tó bá sì ti yó, ó máa ń ti ẹni tó dì í mú sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí èèyàn méjì wà nídìí rọ́bà ńlá, kì í ṣe akọni kan ṣoṣo tó fọwọ́ kan mú un. Pọ́ǹpù náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń yí i, nítorí ẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń dún lórí ìdúró.

Omi wá ńkọ́? Nínú ìwé òyìnbó, ẹnu omi pupa kúkúrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á so rọ́bà mọ́ ọn, omi ò ní tán títí ìtàn á fi parí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ ló ń gbé omi ẹ̀ wá. Àwọn ọkọ̀ kan ń gbé lítà 10,000. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tí rọ́bà méjì bá ń tú lítà 500 jáde lẹ́nìkọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti tán. Ọkọ̀ á ní láti lọ pọn omi wá. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń pariwo nìyẹn pé panápaná wá láìlómi, àwọn mìíràn á tún gbé òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé tiwa, kó ya ojú ewé méjì fún un: ọkọ̀ kan ń lọ pọn omi, èkejì ń bọ̀, èrò sì ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ tó bá ti rí i níbẹ̀ ò ní bá wọn sọ òkúta tó bá dàgbà.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ mọ títì tiwa. Tánkà epo ń gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá lójoojúmọ́, ti Ṣàgámù sí Òrè náà sì ń bẹ. Tí ìwé bá ya tánkà tó ṣubú, kó má ya panápaná tó ń da omi lásán sí bẹntiróòlù tó ń jó. Bẹntiróòlù máa ń léfòó lórí omi ni, iná á bá omi rìn lọ sínú gọ́tà. Fóòmù funfun ni wọ́n ń lò, ó máa ń tẹ́ sórí epo, kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà nínú àwòrán, kẹ́yìn wọn kọ sí tánkà. Kò gbọ́dọ̀ sẹ́ni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání.

Nọ́ọ̀sì, Ìlíṣàn:

Kí n yà wọlé díẹ̀. Ìwé tó bá kọ́ ọmọ ní "dúró, dùbúlẹ̀, yí gbirigbiri", ẹ wò ó bóyá ọmọ inú àwòrán fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Tí aṣọ bá ń jó nìkan ni wọ́n ń ṣe èyí. Tó bá jẹ́ èéfín ló kún yàrá, rírá kòrò nílẹ̀ ni, torí afẹ́fẹ́ tó ṣì dáa wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń da méjèèjì pọ̀ tí wọ́n bá wà lójú ewé kan náà, ẹ wá èyí tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi tí iná ti jó ọmọ, omi tó ń ṣàn tó tutù lásán fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin tútù. Kẹ́ ẹ sì gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Atẹ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ní ti ẹ̀yin ilé ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tiyín, ojú ewé 32 ló wọ́pọ̀ fún ìwé alàwòrán. Bébà A4 mẹ́jọ tẹ́ ẹ ṣẹ́ sí méjì, tẹ́ ẹ fi pínnì dè láàárín, ló ń jẹ́ ojú ewé A5 32. Iye ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́rin pín. Ẹ má gbé 30 wá kẹ́ ẹ ní kí atẹ̀wé wá ọgbọ́n dá sí i. Bébà inú, gíráàmù 130 sí 150. Èèpo, 250 tàbí 300.

Pupa ló máa ń dà wá láàmú jù. Pupa tó ń tàn yòò lórí fóònù ò sí nínú yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń lò. Magenta (yíǹkì tó dà bíi píǹkì) ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àti yẹ́lò ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún la fi ń rí pupa ọkọ̀ panápaná. Tí ẹni tó yà á bá ti da cyan (yíǹkì búlúù) mọ́ ọn, á ṣú. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú ewé kan fún yín lórí bébà gan-an tí wọ́n máa lò, kẹ́ ẹ gbé e síta wò lójú ọ̀sán. Yíǹkì méjì tó nípọn lórí ara wọn kì í tètè gbẹ: tí wọ́n bá tò ó ga, ẹ̀yìn bébà tó wà lókè á gba pupa. Ó kéré tán, kó sùn mọ́jú kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ. Nígbà òjò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọkọ̀ pupa bá sì gba orí ìṣẹ́po èèpo kọjá, yíǹkì á là níbẹ̀, funfun á yọ. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ojú ìṣẹ́po náà kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó.

Ẹ má kọ lẹ́tà funfun tín-ín-rín sórí ọkọ̀ pupa. Yíǹkì á dí àmì ohùn àti ẹsẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ pa. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ sórí funfun, lẹ́tà tí ìwọ̀n ẹ̀ kò dín ní pọ́íǹtì 18. Kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ wá, ẹ sọ ọ́ di PDF tí lẹ́tà ti wọnú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé Word wá, kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé lè fi lẹ́tà mìíràn pààrọ̀ ẹ̀, àmì á sì fò síbi tí kò yẹ. Ìwé díẹ̀, bíi 100, ẹ lo ẹ̀rọ dígítà. Tó bá ti wọ ẹgbẹ̀rún, ẹ̀rọ ńlá ló máa rọ̀ yín lọ́rùn, Ṣómólú ní Èkó sì kún fún wọn.

Ìyá ọlọ́mọ, Ìkẹnnẹ́:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún méjì ń jẹ ìwé ní tiwa o. Pínnì àárín yẹn ò ní ṣe é léṣe?

Atẹ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta, ẹ má fún un ní ìwé onípínnì. Páálí líle ni tirẹ̀, ojú ewé 10 sí 12, kí wọ́n gé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin róbótó kó má gún un lójú.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ náà, ẹ dín in kù. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, gbólóhùn kan tàbí méjì lójú ewé kan ti tó. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó má ju ọ̀rọ̀ 400 lọ. Ní ti ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìtàn, ẹ má lo ibi ìdáná ìgbàlódé olóríṣiríṣi bọ́tìnnì. Ẹ lo ohun tí ọmọ mọ̀: ahéré tí wọ́n ti ń yan gàrí, iná tí wọ́n dá sun koríko nígbà ọyẹ́, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n rọ epo sí láìpa á, sìlíńdà gáàsì tí rọ́bà ẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọmọ ló fa iná náà nínú ìtàn. Ọmọ tó bá rò pé òun ló jẹ̀bi, ìyẹn gan-an ló ń sápamọ́.

Ojú ewé ìkẹyìn, ẹ fi ìlà òfìfo mẹ́ta síbẹ̀ kí òbí fọwọ́ kọ ọ́: orúkọ àdúgbò, ohun ńlá tó wà nítòsí ilé (mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé epo), àti ibi tí gbogbo ilé á ti pàdé tí wọ́n bá sá jáde, bóyá ìdí máńgòrò tàbí ẹnu géètì. Nọ́ńbà ilé nìkan ò tó. Ojúlé mélòó ní Ìjẹ̀bú ló ní nọ́ńbà tó ṣeé rí láti títì?

Atẹ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde:

Tó bá jẹ́ inú èèpo ẹ̀yìn ìwé lẹ fẹ́ kọ ìyẹn sí, ẹ tètè sọ fún atẹ̀wé. Ìta èèpo nìkan ni kó fi ọ̀rá bò. Báírò kì í mú lórí ọ̀rá.