"None of the boys is" ni àbí "are"?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìdánwò WAEC, a sì ti há sórí àwọn ọ̀rọ̀ bíi "everybody", "each" àti "none", tí kì í dárúkọ ẹnì kan pàtó.

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ló wá tàbí ogún ènìyàn. Nígbà tí ọmọ náà kọ "Everybody have come", "gbogbo ènìyàn" ló wà lọ́kàn rẹ̀, èrò rẹpẹtẹ sì ni lójú tirẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀yọ ni Gẹ̀ẹ́sì ka "everybody" sí, ó sì yé e. "Both" àti "many" kò yọ wá lẹ́nu rárá.

"None" ló dà wá láàmú. Ìwé gírámà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ní "None of the boys is here" nìkan ló tọ́, ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀-èdè gba "is" àti "are". Bákan náà, mo ti rí "Everybody has brought his book" àti "Everybody has brought their book". "Their" kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí mi, àwa tí à ń fi "wọ́n" pe àgbà kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìdánwò, èwo ni kí ọmọ yìí kọ lẹ́yìn "none of the boys", ṣé wọn yóò sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá kọ "their" fún "everybody"?