Àwo tí mo pè ní ti Amẹ́ríkà: bí èmi àti "Super Afro Soul" ṣe pàdé

Ọdún 2009 ni bàbá mi di ará ọ̀run. Nígbà tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, àwa ọmọ pín yàrá ilé láàárín ara wa láti palẹ̀ ẹrù mọ́, pálọ̀ ni ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Abẹ́ àga gbọọrọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo ti fa páálí méjì jáde, àwo orin kún inú wọn dé ẹnu, kò sì sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn wọ́n láti ìgbà tí giramafóònù ilé wa ti bàjẹ́, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo dá ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀: I. K. Dairo, Haruna Ìṣọ̀lá, Victor Ọláìyá. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣàjèjì sí mi. Àpò rẹ̀ ti sọnù, eku ti jẹ etí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀ débi pé orúkọ Philips nìkan ni mo rí kà dáadáa, ojú ìhà kan rẹ̀ sì ní ilà tí ó jìn bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á.

Mo yá giramafóònù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Fèrè ni ó kọ́kọ́ dún, ọ̀pọ̀ fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ó le, ó sì gé ṣókí-ṣókí, ó jọ ti James Brown, ará Amẹ́ríkà tí ó ń kọ orin soul, nínú orin rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí ó jáde ní 1965. Mo yíjú sí ìyá mi, mo ní bàbá tilẹ̀ máa ń ra àwo àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn tán, ohùn ọkùnrin kan já wọlé, Yorùbá ni ó sì ń sọ, ó ń pe ijó soul bí ẹni ń pe ará ilé rẹ̀ wá jẹun.

N óò jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e, nítorí pé òun ni ó mú mi kọ ìtàn yìí. Mo ní àdàkọ ni. Ìyá mi gbé aṣọ tí ó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ ni? Orlando Julius nìyẹn. Bàbá rẹ ti ra àwo yẹn kí a tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ. Gbọ́ ìsàlẹ̀ orin náà, má gbọ́ òkè nìkan."

Mo gbọ́ ìsàlẹ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan, torí pé ohun tí etí mi ti mọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́. Àmọ́ nígbà tí mo yé fetí sí fèrè, mo rí i pé ìlù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìlù Amẹ́ríkà rárá. Háíláìfù Ìbàdàn ni, gìtá ń rìn bí ó ṣe máa ń rìn lóde ijó wa, ìlù ọwọ́ sì ń dá a lóhùn láìsinmi. Soul ni àlejò nínú ilé náà, háíláìfù ni onílé, onílé sì ti gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀ láìkó kúrò nínú yàrá tirẹ̀. Kódà "My Girl" tí àwọn Temptations, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà, kọ, tí Orlando Julius tún kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú àwo yìí, kò kúrò lábẹ́ òrùlé yẹn.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí Orlando Julius Ekemode ní 1943. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó wá sí Ìbàdàn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin lu ìlù. Ó wà lọ́dọ̀ Eddy Okonta, olórin háíláìfù, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Modern Aces, sílẹ̀, Independence Hotel ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń ṣeré. Ọdún 1966 ni Philips gbé "Super Afro Soul" jáde, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré ni ó wà nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí a ro ọdún yẹn dáadáa. Fẹlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, ṣì ń fi háíláìfù pẹ̀lú jáàsì ṣeré, ìrìn àjò Amẹ́ríkà tí ó yí orin rẹ̀ padà sì di 1969 kí ó tó wáyé. James Brown fúnra rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pe àwo náà ní ìbẹ̀rẹ̀ Afrobeat, orin tí a mọ̀ mọ́ Fẹlá. Èmi kò fara mọ́ ọn pátápátá. Orúkọ yẹn ń bu ọlá fún un, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà kọjá sí ilé ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ilé ni òun náà jẹ́. Àwọn orin rẹ̀ kúrú, wọ́n ṣe wọ́n fún ijó àti fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọn kò sì wá di ohun mìíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn bí ìpalẹ̀mọ́ fún ohun tí ń bọ̀ kò ní gbọ́ wọn.

Mo bi ìyá mi léèrè bí àwọn ènìyàn ṣe gbà á nígbà náà. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn ní ọdún yẹn. Ó ní kò sí ẹni tí ó pè é ní nǹkan tuntun, pé wọ́n kàn rò pé háíláìfù tí ara rẹ̀ gbóná ni. Ohun kan ṣoṣo tí ó rántí pé ó yàtọ̀ ni ọwọ́. Bí háíláìfù bá ń lọ, ọkùnrin á di obìnrin lọ́wọ́ mú. Bí wọ́n bá gbé "Ijó Soul", orin inú àwo yìí, sí i, ọwọ́ á tú, oníkálukú á sì máa jó ní àyè tirẹ̀. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ ẹ nítorí èyí. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, mo sì gbàgbọ́ pé ó ṣàlàyé àwo náà ju ohun gbogbo tí mo ti kà lọ.

Kí ló wá gbé e sọnù? Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tí ó jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn sì ti padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni jùjú gba òde lọ́wọ́ háíláìfù ní ilẹ̀ wa. Fẹlá di Fẹlá. Orlando Julius kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1974, ó bá Hugh Masekela, olórin ọmọ South Africa, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọdún 1998 ni ó sì tó padà wálé. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwo náà tẹ̀, òun náà sì tún ṣe àwo tuntun pẹ̀lú ẹgbẹ́ Heliocentrics ti London ní 2014. Ó dùn mí pé òkèèrè ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá a kiri, nígbà tí ó wà lábẹ́ àga wa.

Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo gbé àtúntẹ̀ tí mo rà wá sílé, èyí tí kò ní ìfàya kankan. Ìlà tí ó wà lára ti bàbá mi, ọjọ́ ìkómọjáde ẹ̀gbọ́n mi ni ó ti débẹ̀, àna wa kan ni ó fẹ́ pààrọ̀ àwo tí ó sì fa abẹ́rẹ́ gba ojú rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà ni orin náà ti máa ń fo ní ojú kan. Ìyá mi kò lè dìde jó mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Orin náà ń lọ geerege láìfo. Nígbà tí ó dé ojú ibẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá mi fo.