Ọ̀gá ní kí n fọwọ́ ara mi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó forúkọ pamọ́, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́dún 6 tí mo ti ń ṣe akọ̀wé níléeṣẹ́ aládàáni kan níbí. Láti ìgbà tí ọ̀gá tuntun ti dé, wọ́n gé owó oṣù mi sí ìdajì láìsọ fún mi. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n máa jókòó sẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí n kọ̀wé pé mò ń lọ "nítorí ọ̀rọ̀ ara mi". Bí mo bá kọ ọ́, ṣé ẹ̀tọ́ mi ti wọmi nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Tákíé: Má kọ nǹkan kan o, ọmọ mi! Owó ni wọn ò fẹ́ san.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Fi í fún Ọlọ́run. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.

Ìyá Ìbejì, Tákíé: Ọ̀rẹ́ wo ló tún kù láàárín wọn?

Lọ́yà Àdúgbò: Àǹtí, bí ọ̀gá bá fayé ni òṣìṣẹ́ lára títí tó fi kúrò, kóòtù lè kà á sí pé ọ̀gá ló lé e. National Industrial Court ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, wọ́n sì wà n'Ìbàdàn. Inú ìwé yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá kọ "ọ̀rọ̀ ara mi", ẹ ti bá wọn jẹ́rìí. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé pé ẹ ò fara mọ́ owó tí wọ́n gé àti ẹnu géètì tí wọ́n gbé yín lọ, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Tí wọn ò bá yí padà tẹ́ ẹ wá fẹ́ lọ, ohun tí wọ́n ṣe yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ pé ó lé yín lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́: ẹni tó ń gba ìdajì owó fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ti gbà bẹ́ẹ̀.

Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní kí wọ́n fi ìwé sọ fún akọ̀wé tó ti lo ọdún 5 sókè ní oṣù 1 ṣáájú kí wọ́n tó dá a dúró, tàbí kí wọ́n san owó oṣù 1 náà fún un. Ẹ má retí mílíọ̀nù o. Iléeṣẹ́ aládàáni ni, kóòtù kì í sábà ní kí wọ́n gbà yín padà.

Ẹni tó forúkọ pamọ́: Wọn ò fún mi níwèé ìgbanisíṣẹ́ rí.

Lọ́yà Àdúgbò: Láàárín oṣù 3 tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti fún yín. Àìsí i kò pa ẹjọ́. Álẹ́ẹ̀tì owó oṣù ńkọ́? Káàdì iṣẹ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀gá? Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ lónìí, kí wọ́n tó yọ yín kúrò nínú gúrúpù WhatsApp iléeṣẹ́.